"Dandan Ni Owó Orí": Dandan, Ọ̀ranyàn àti Túláàsì nínú èdè Yorùbá

Òwe tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kò ṣàjèjì sí yín: "Dandan ni owó orí, ọ̀ranyàn ni aṣọ ìbora." Àwọn kan a máa pa á lọ́nà mìíràn, wọ́n á ní: "Dandan ni owó orí, túláàsì ni aṣọ ìbora." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Àgbàlagbà kan kò lè ní òun kò ní san owó orí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ní òun kò ní bo ara òun bí òtútù bá dé. Ẹni tó ń sá fún ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe, pàápàá ohun tó la owó lọ, ni a máa ń pa òwe yìí fún.

Ohun tó mú wa dúró ti òwe náà ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń pa á: dandan, ọ̀ranyàn, túláàsì. Bí ẹ bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wá ìtumọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "compulsory", ni wọ́n sábà máa ń fún yín fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbà bẹ́ẹ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, wọ́n á sì fi èyí rọ́pò tọ̀hún láìbìkítà. Èmi ò gbà. Bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń gbé inú òwe kan, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí túláàsì, nítorí pé àlejò ni láàrin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹ tó lè mọ ọ̀nà tó gbà wọlé, ẹ bá mi dé Sábó ní Ilé-Ifẹ̀. Sábó ni àdúgbò tí àwọn Haúsá àti àwọn ará Òkè Ọya mìíràn tẹ̀ dó sí láàrin ìlú. Orúkọ àdúgbò náà gan-an, Haúsá ni. "Sabon Gari" ni wọ́n ń pè é ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, ìyẹn ni ìlú tuntun. Yorùbá gé e kúrú, ó ku Sábó, "tuntun" lásán. Ìdí nìyí tí Sábó fi wà ní Ìbàdàn, tó wà ní Ṣàgámù, tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó tún wà ní Yábàá l'Ékòó. Ti Ìbàdàn ni ìtàn rẹ̀ hàn gbangba jù: ní 1916 ni wọ́n ya ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá tó ń ṣòwò obì àti màlúù.

Níbi tí èdè méjì bá ti jọ ń ná ọjà kan náà, wọn kì í ṣàì yá nǹkan lọ́wọ́ ara wọn. Àlùbọ́sà tí ẹ rà, "albasa" ni Haúsá ń pè é. Wàhálà tí ẹ ṣe kí ẹ tó rí i rà, ti Haúsá náà ni. Ẹni tó tà á fún yín tí ẹ ń pè ní "àbókí", ọ̀rẹ́ ni ẹ ń pè é, bí ẹ bá tilẹ̀ fi ẹnu ẹ̀gàn pè é. (Èyí tó ṣe mí ní kàyéfì jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yẹn bú ènìyàn ni kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń bú.)

Báyìí ni túláàsì ṣe jẹ́. Haúsá ní "tilas", wọ́n ń lò ó fún ohun tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tún ní "tilasta", ìyẹn ni kí ènìyàn mú ẹlòmíràn ṣe ohun tí kò fẹ́ ṣe. Yorùbá kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí sórí irú ìró bíi "s", nítorí náà a fi fáwẹ̀lì kan tì í lẹ́yìn, a yí ohùn rẹ̀ padà, ó di tiwa. N ò sọ pé Sábó Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí gbà wọ èdè wa o. Òwò àti ẹ̀sìn ti pa Yorùbá àti Haúsá pọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá Sábó kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi etí ara yín gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tó ni ín àti àwọn tó yá a ní àdúgbò kan náà, Sábó ni kí ẹ lọ.

Ó kan iṣẹ́ tí olúkúlùkù wọn ń ṣe.

Dandan jẹ́ ti ohun tí kò ní ṣàì rí bẹ́ẹ̀. Dandan ni kí ilẹ̀ ṣú. Dandan ni ikú. Kò sí ẹni tí a lè lọ bẹ̀ pé kí ilẹ̀ má ṣú mọ́. Bí a bá ní "ó pọn dandan kí o lọ rí dókítà", àìsàn ló ń pàṣẹ níbẹ̀, kì í ṣe dókítà. Ẹ ò ní gbọ́ kí Yorùbá ní "ó pọn túláàsì". Ènìyàn lè "fi dandan lé" nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe: ó mú ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ilẹ̀ ṣíṣú àti ikú, ó fi lé ìfẹ́ inú ara rẹ̀ lórí, kí ó lè dà bí ẹni pé ọ̀ràn náà kò ní gbẹ̀bẹ̀.

Ọ̀ranyàn so mọ́ ipò tí ènìyàn wà. Bí o bá fẹ́ ọmọ ẹni, ọ̀ranyàn ni kí o bá àna rẹ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bí ó bá pè ọ́. Kò sí ẹni tí yóò fi pàṣán lé ọ dé oko àna. Bí o kò bá sì lọ, kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú ọ, ojú ni yóò tì ọ́, ìyàwó rẹ yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ nílé bàbá rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí wa mọ ọ̀rọ̀ yìí lò dáadáa. Ìrun márùn-ún òòjọ́ jẹ́ ọ̀ranyàn, ààwẹ̀ Ràmàdáánì jẹ́ ọ̀ranyàn, àwọn ìrun àṣegbọrẹ kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ààfáà kan náà tó sọ èyí yóò tún ka Kùránì fún yín, orí kejì, ẹsẹ 256, pé kò sí pé à ń fi ipá mú ènìyàn wọ ẹ̀sìn. Bí ọ̀ranyàn àti túláàsì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ààfáà ti tako ara rẹ̀ nìyẹn. Kò tako ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń wọlé. Nígbà tó bá wọlé tán ni ọ̀ranyàn ilé náà ń kàn án. Kànńpá tí àwọn mìíràn ń lò, ẹ̀gbẹ́ ọ̀ranyàn ló wà. (Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó dàrú mọ́ Ọ̀rànmíyàn tí ọ̀pá rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ òní. Ẹnu ló mú wọn jọra. Ìtàn tí wọ́n fi ń ṣàlàyé orúkọ ọba náà yàtọ̀ pátápátá.)

Túláàsì ní tirẹ̀, ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní "túláàsì ni", ó tọ́ kí ẹ bi í pé, "Ta ló fi túláàsì mú ọ?" Ìbéèrè yẹn dùn létí. Ẹ wá bi ẹni tó ní "dandan ni kí ilẹ̀ ṣú" pé ta ló fi dandan mú ilẹ̀, yóò wò yín bóyá ara yín yá. Túláàsì ní ẹni tó ń fi múni, ó sì ní ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin òun àti ipá kò pọ̀: ipá ń lo ọwọ́, a máa ń sọ pé tipátipá, tìkúùkù, túláàsì lè jókòó sórí àga kó fi bébà nìkan ṣe é.

Ẹ wá padà sínú òwe wa, ẹ tún un kà. Owó orí, tí ènìyàn bí i tiwa jókòó tí wọ́n bù léni lórí, òun ni òwe pè ní dandan, bíi ti ilẹ̀ ṣíṣú. Aṣọ ìbora, tí òtútù ń fẹ́, tí kò sí ọba tó pàṣẹ rẹ̀, òun ni wọ́n fún ní ọ̀ranyàn tàbí túláàsì. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n gbé fìlà ẹni kìíní dé ẹnì kejì. Ẹnì kan lè ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni, pé adùn òwe wà nínú kí a pa ọ̀rọ̀ dà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní owó orí ìyàwó ni òwe ń wí, nítorí a ń pe ìyẹn náà ní owó orí. Ṣùgbọ́n owó ìjọba ni ọ̀pọ̀ wa fi gbọ́ ọ, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Nínú èrò tèmi, òwe tó wu agbowó-orí láti máa pa ni. Ta ni yóò bá dandan jà?

Ìtàn fi hàn pé àwọn ènìyàn bá a jà. Láyé àtijọ́ a mọ ìsákọ́lẹ̀, a mọ owó oníbodè, ṣùgbọ́n kí ìjọba ka orí ènìyàn kí olúkúlùkù sì san iye kan lọ́dọọdún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló mú un wọ ilẹ̀ Yorùbá káàkiri, ní nǹkan bí 1916 sí 1918. Nígbà tó dé Ẹ̀gbá ní 1918, Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀. Owó orí tuntun yìí àti iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fi ipá kó ènìyàn ṣe wà lára ohun tó fà á. Àwọn ènìyàn hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, ìjọba kó ọmọ ogun lọ bá wọn, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ. Kò sí ẹni tó ń hú irin nítorí ilẹ̀ ń ṣú.

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta náà kò gbà pé dandan ni. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, obìnrin ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n kọ̀ láti san, wọ́n sì kó ara wọn lọ sí iwájú ààfin. Ìbéèrè tí mo ní ó dùn létí lókè yẹn ni wọ́n ń bi, pé ta ló bù ú lé wa, kí ló sì ń fi í ṣe? Wọ́n dá owó orí àwọn obìnrin dúró, Aláké Ladapọ̀ Adémọ́lá sì kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1949, kó tó padà dé ní 1950.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà ó kan àwọn àgbẹ̀. Àgbẹ̀kòyà, 1968 sí 1969: owó kòkó kò tó nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀, owó orí ń lé sókè, àwọn agbowó sì ń wọ abúlé tipátipá. Ọgbọ̀n ṣílè ni àwọn àgbẹ̀ ní àwọn lè san, wọn ò ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Táfà Adéoyè láti Akànrán ni orúkọ rẹ̀ hàn jù nínú àwọn aṣáájú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn púpọ̀. Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Láoyè, wà lára àwọn tí wọ́n pa ní 1969. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé Awólọ́wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Adéyínká Adébáyọ̀ sì dín owó orí kù. Ẹ kíyè sí i: ó ṣeé dín kù. Ohun tó jẹ́ dandan ní ti gidi kì í ṣeé dín kù.

N ò sọ èyí kí ẹ má baà san owó orí o. Ẹni tó ń gun ọ̀nà tí owó ìlú ṣe, ọ̀ranyàn ni kó dá sí i, ìyẹn ni pé ó so mọ́ jíjẹ́ ọmọ ìlú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀ranyàn ní ìdáhùn nínú: ìwọ san tìrẹ, ìjọba náà ṣe tirẹ̀. Dandan kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Ti iṣẹ́ ńkọ́? Yorùbá ní àáró, wọ́n ní ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, mo bá ọ ro oko lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Kò sí èyí tó jẹ́ túláàsì nínú méjèèjì. Ní 1903 ni òfin kan jáde ní Gúúsù Nàìjíríà tó fún àwọn olóyè lágbára láti kó ènìyàn lọ tún ọ̀nà àti odò ṣe. Lójú òyìnbó, bí ẹni pé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n gbé dé ipò òfin. Àwọn tí wọ́n kó lọ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ní ìhà kejì ibodè, níbi tí àwọn Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ ìjọba Faransé, iṣẹ́ ipá le débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wá sí ìhà Nàìjíríà. Oṣù kẹrin 1946 ni òfin Faransé tó fagi lé e jáde. Àwọn ará Òkè Ọya tí a ń bá ná ọjà ní Sábó pàápàá ní ìtàn "tilas" tiwọn: láàrin 1942 àti 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin kó àwọn ọkùnrin tó lé ní 100,000 lọ wa tánganran ní agbègbè Jọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ kò padà sílé.

Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí iṣẹ́ ipá ti wà láti 1930. Ó ní iṣẹ́ ipá ni iṣẹ́ tí a fi ìyà halẹ̀ mọ́ni kí a tó ṣe é, tí a kò sì fi ìfẹ́ ara wa jọ̀wọ́ ara wa fún. Lẹ́yìn náà ló wá yọ àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí ará ìlú ń ṣe fún ìlú ara wọn sẹ́yìn. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 34, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: ó kọ iṣẹ́ ipá, ó wá yọ ojúṣe ará ìlú sẹ́yìn, ó sì yọ iṣẹ́ ìsìnlú àwọn agùnbánirọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973 sẹ́yìn pẹ̀lú. Ìlà púpọ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò kọ kí wọ́n tó ya ọ̀wẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ ipá. Ìyá àgbà tó mọ ọ̀ranyàn yàtọ̀ sí túláàsì ti yà á kí wọ́n tó dé.

Kí a má ṣàìṣòótọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tiwọn náà ní ìtàn. "Compel" wá láti inú èdè Látìn, ohun tó sì túmọ̀ sí ní ìpìlẹ̀ ni kí a da nǹkan jọ sójú kan, bí a ti ń da ẹran. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn darandaran ti ń fi ọ̀pá da màlúù kò nílò ìwé atúmọ̀ kankan mọ́. "Oblige" wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún kí a so nǹkan. Ẹ ò rí i pé ọ̀kan sún mọ́ túláàsì, èkejì sún mọ́ ọ̀ranyàn? Gẹ̀ẹ́sì ní ìyàtọ̀ náà nínú gbòǹgbò, àwa tó ń túmọ̀ ló ń dà á pọ̀. Ní báyìí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò tilẹ̀ sọ ọ̀kankan mọ́, wọ́n á ní "wọ́n fóòsì mi", ó parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bani lẹ́rù ni ilé ẹjọ́. Ẹ jẹ́ ká ní bàbá kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá pé òun jẹ̀bi. Ó dé iwájú adájọ́, ó ní, "Túláàsì ni wọ́n fi mú mi fọwọ́ sí i." Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé bàbá ní, "Ó di dandan kí n fọwọ́ sí i." Adájọ́ gbọ́ pé ó pọn dandan, bí ìgbà tí ènìyàn ń fọwọ́ sí ìwé báǹkì. Ohun tí bàbá sọ ni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun. Òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀rí, ti 2011, kò gba ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìnilára gbà lẹ́nu ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kan tí ògbufọ̀ pàdánù lè jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n gbé bàbá mì. Bí ẹ bá wà nípò bàbá yẹn, tàbí tí ẹ bá ń túmọ̀ fún un, ẹ má fi dandan pa túláàsì mọ́.

Sábó Ifẹ̀ náà ti mọ irú ọjọ́ tí àṣẹ ń wá láti òkè. Lẹ́yìn ìjà burúkú tó wáyé níbẹ̀ láàrin Yorùbá àti Haúsá ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta 2017, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ilé-Ifẹ̀. Túláàsì ni kónílé-ó-gbélé, ìjọba pa á láṣẹ, ìjọba náà ló sì lè tú u. Ṣùgbọ́n kí Yorùbá àti Haúsá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìjọba tó lè fi túláàsì ṣe ìyẹn.

Ní ọjọ́ ọjà, níbi tí wọ́n bá ti ń já ẹrù, ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láìṣírò. Ọmọkùnrin kan á gbé tíkẹ́ẹ̀tì wá bá ìyá oníṣòwò. "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ san owó tíkẹ́ẹ̀tì." "Ta ló ní kí n san án, ọmọ mi?" "Dandan ni, ìyá." Ọmọ náà gbọ́n, ó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí òun mú. Ní 1998 òfin kan jáde tó to àwọn owó tí ìjọba ìbílẹ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, tó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni dí ojú pópó nítorí àtigba owó orí. Ìyá lè má ka òfin yẹn rí. Ó na ọwọ́, ó ní, "Mú bébà yẹn wá kí n wo ẹni tó kọ orúkọ sí i."